Ìbéèrè Kẹsàn-án

Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún

Ìkọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Òjò pa mí láti ibi tí ọlọ́kadà já mi sí títí dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù ní Ṣàgámù, mo sì wọlé bí adìẹ tí òjò pa. Ọ̀gá wa, Dókítà Lásúnkànmí, wo bàtà mi, ó wo ojú mi, ó ní kí n jókòó. Obìnrin kúkurú kan báyìí ni, ọmọ Ìrolú. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ saikólọ́jì, kò sì jọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá kankan tún lè yà á lẹ́nu.

Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pe ọ̀gá mi ní "ó". Tí mo bá ti dé iwájú rẹ̀, "ẹ" àti "wọ́n" ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí n ṣáà jayé díẹ̀ níbí.

Àwa méjì ni yunifásítì rán wá, èmi àti Akínkúnmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kí olúkúlùkù rí aláìsàn mẹ́wàá, kó kọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe lọ, kí Dókítà fọwọ́ sí i. Láìsí ìfọwọ́sí yẹn kò sí Másítà, ọdún méjì wọgbó nìyẹn.

Kí a tó rí ẹnikẹ́ni, ó fún àwa fúnra wa ní ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí a ó máa fi yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò lára àwọn èèyàn, ó ní ká dáhùn rẹ̀. Ṣé oorun ń dà ọ́ láàmú, ṣé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu, ṣé nǹkan ò dùn mọ́ ọ mọ́. Òdo túmọ̀ sí rárá, ẹẹ́ta túmọ̀ sí ojoojúmọ́. Mo kọ òdo síwájú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Fisáyọ̀, àbúrò Mọ́mì, ni mo ń gbé ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó se ìkọ́kọrẹ́ torí mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo mọ̀ pé ó gbóná.

Ọjọ́rú, 7

Ìbéèrè kẹsàn-án ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ rọrùn. Ìkẹsàn-án ló ń béèrè bóyá ó ti ń wá sí ẹni náà lọ́kàn pé kí òun kú, tàbí kí òun pa ara òun. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wo ojú ẹni tó tó bí ìyá ẹni, kó sì bi í pé ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín? Akínkúnmi bi ìyá kan láti Ògèrè lánàá. Ìyá náà dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní orí Akínkúnmi ni yóò bá lọ, òun ò ní jókòó sí ilé tí wọ́n ti ń fi ikú kí èèyàn. Akínkúnmi ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n kò tíì bi ẹlòmíì láti ìgbà náà.

Òfin méjì ni Dókítà fún wa. Ìkíní, a ò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ aláìsàn, ì báà jẹ́ omi inú ọ̀rá. Ìkejì, kí a kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, ní èdè tó bá fi jáde, kí a tó tú u sí Òyìnbó.

"Ohun tí wọ́n sọ ni kẹ́ ẹ kọ," ó wí. "Ẹ má kọ ohun tí ẹ gbọ́."

Akínkúnmi béèrè pé ṣé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà ni. Ó na fáìlì aláìsàn tó kàn sí i.

Àìkú, 11

Mo bá Àǹtí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹni tó rí wa ló ń ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo ti mọ èsì rẹ̀ sórí báyìí: a dúpẹ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹnu mi ló ń sọ ọ́. Èmi ń ka iye fáànù tó wà lókè. Mọ́kànlá ni, méjì ò yí.

Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ márùn-ún. Mi ò tíì sunkún. Kì í ṣe ìgboyà, kí ẹnikẹ́ni má yìn mí. Ó dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ èèyàn bá kú mọ́ ọn lára lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́: o mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ni, o ò kàn gbúròó rẹ̀.

Ní wọ́ọ̀dù n'Íbàdàn, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ èdè Rẹ́mọ, tí wọn kì í bá mi sọ tẹ́lẹ̀. Àárín àwọn àti ẹbí wọn nìkan ni wọ́n máa ń sọ ọ́, lórí fóònù, tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn. "Tómi, mo fẹ́ re ulé." Mo mọ̀ pé ulé ni ilé, mi ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ọjọ́ Ẹtì ni dókítà ní wọ́n máa lọ. Mo tilẹ̀ di ẹrù wọn sínú báàgì. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kú. Báàgì náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi níbí, bí mo ṣe dì í.

Ìṣẹ́gun, 13

Aláìsàn mi kẹta. Alàájì Bẹ̀llò, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, oníṣòwò obì gbàǹja ní Sábó. (Alàájì ni mi ò lè pè ní "ó", kódà níbí. Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, ọwọ́ mi kọ̀.) Ìyàwó wọn kú ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀. Láti ìgbà náà wọn ò jẹun gidi, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń gbẹ. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n ya fọ́tò àyà, wọn ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọn ò rí nǹkan kan ni wọ́n máa ń rántí pé àwa wà.

Ọmọ wọn obìnrin, Hussainat, ló mú wọn wá. Hussainat fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó sì ń pè mí ní àǹtí nítorí káàdì tó wà lọ́rùn mi. Ó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ kí bàbá mi tẹ̀lé ìyá mi lọ."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa láti máa sọ kọ́ nìyẹn.

Bí Alàájì ṣe jókòó, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ ta ni mí? Ìkẹ́nnẹ́ níbo? Ìyá mi ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?

"Wọ́n wà, sà. A dúpẹ́."

Bó ṣe jáde nìyẹn. Mi ò dá a padà.

Wọ́n gbà kí n gba ohùn wọn sórí fóònù ọ́fíìsì. Ìbéèrè mẹ́jọ lọ geere, ẹẹ́ta ni wọ́n ń gbà lójú gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kan ìkẹsàn-án, mo wo irùngbọ̀n funfun yẹn, mo wo tẹ̀sùbáà tó wà lọ́wọ́ wọn, mo ní: "Alàájì, ṣé kò sáà sí èrò burúkú kankan lọ́kàn yín, sà?"

Wọ́n ní kò sí, ọmọ mi. Mo kọ òdo.

Ọjọ́bọ̀, 15

Òjò. Wọ́n gba ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà lọ́wọ́ mi láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, nítorí òjò náà, bí ẹni pé orí mi nìkan ló ń rọ̀ sí. Aláìsàn mẹ́rin. Mi ò rántí ojú ẹnì kankan nínú wọn.

Ìṣẹ́gun, 20

Alàájì sọ̀rọ̀ lónìí, obì ni wọ́n sì sọ. Mo jókòó, mo ń gbọ́. Èdè wọn wọlé díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá ìwé nítorí tèmi, nígbà tó yá wọ́n gbàgbé mi.

Wọ́n mú gbàǹja kan jáde lápò, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká. Wọ́n ní ọmọ ọdún méje ni wọ́n wà tí bàbá wọn ti fi wọ́n sídìí uṣẹ́ obì ṣíṣà. Ojú lásán ò lè rí i. Obì á pọ́n, á máa dán, kòkòrò á sì ti jẹ inú rẹ̀ tán. Mo ní bí wọ́n ṣe ń wí náà ni, kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Inú wọn dùn pé mo mọ òwe náà. Wọ́n ní àwọn ní oògùn rẹ̀ lí ṣọ́ọ̀bù, oògùn líle, tí wọ́n máa ń fọ́n sí ilẹ̀ kí wọ́n tó kó agbọ̀n tuntun wọlé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń sọ nípa iṣẹ́ wọn.

Wọ́n fún mi ní obì náà. Mo ṣàlàyé òfin. Wọ́n fi sápò padà, ojú sì tì mí. Tàbí kí n sọ pé mo mọ̀ pé ó yẹ kí ojú tì mí.

Ìṣẹ́gun, 27

Alàájì yàtọ̀ lónìí. Wọ́n gé irùngbọ̀n, wọ́n dé fìlà tuntun, wọ́n rẹ́rìn-ín sí nọ́ọ̀sì. Hussainat ní wọ́n sùn dáadáa ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ti kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé òun lọ́wọ́, wọ́n fi ibi tí ìwé ilẹ̀ wà han òun, wọ́n sì ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn kan tí wọ́n jọ ń jà láti ọdún márùn-ún, wọ́n parí ìjà. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu Hussainat.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń retí báyìí. Wọ́n ní Iléyá. Mo ní ó ku ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó kù díẹ̀ lóòótọ́.

Kò sí àyè láti kọ ọ́ ní Yorùbá kí n tó tú u. Mo kọ ọ́ sí Òyìnbó tààrà: inú rẹ̀ ti ń dùn, ó ń retí ọdún, ìrètí ti padà. Akínkúnmi kà á, ó ní èmi ni màá kọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo yẹ ara mi wò bóyá ó wà níbẹ̀, mi ò rí i.

Ẹtì, 30

Dókítà rìnrìn àjò, kò ní sí níbí di Ajé. Àgbò kún ẹ̀gbẹ́ títì ní Sábó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà ni wọ́n ń pe èyí tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Àgbò náà wo èmi, èmi náà wò ó.

Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Màá kọ tòní bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má baà tún un ṣe nígbà tó bá yá.

Aago mẹ́wàá ni mo jókòó níwájú Dókítà pẹ̀lú ìwé mi. Ó ka ti aláìsàn méjì àkọ́kọ́. Ó dé ti Alàájì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó béèrè ibi tí Yorùbá rẹ̀ wà. Mo ní mi ò ráyè. Ó ní kí n gbé fóònù wá.

A gbọ́ ohùn mi tó ń béèrè ohun tí wọ́n ń retí. Ohùn Alàájì tẹ̀ lé e, ó rọra jáde:

"Ulé mà ti yá, ọmọ mi."

Lẹ́yìn náà, ohùn èmi ọlọ́pọlọ pípé: "Iléyá, sà? Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá."

Dókítà dá a padà. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo ní Iléyá, mà.

"Gbọ́ dáadáa. Ní ilẹ̀ wa níbí, ulé là ń pe ilé. Ṣùgbọ́n ọdún àwọn mùsùlùmí, Iléyá ló ń jẹ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó pè é ní Uléyá rí. Ilé ni wọ́n ń sọ, Tómilọ́lá. Ilé wo ló yá ẹni tó ti wà nínú ilé ara rẹ̀?"

Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Báàgì Mọ́mì ló wá sí mi lọ́kàn, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú sálúbàtà tí mo tò sí òkè kó lè yá wọn láti wọ̀.

Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe béèrè ìkẹsàn-án. Mo sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú "ṣé kò sáà sí" àti "sà" tó wà ní ìparí rẹ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

"O bọ̀wọ̀ fún wọn débi pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ sin wọ́n."

Ó pe Hussainat. Hussainat wà ní Ògèrè, ó ń bójú tó ẹrù obì tó ń lọ sókè Ọya. Ó ní bàbá òun gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun láàárọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ṣa agbọ̀n kan tó kù. Ó ní wọ́n tilẹ̀ kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jáde. Inú rẹ̀ ṣì ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Dókítà rọra sọ fún un pé kó máa bọ̀ ní Sábó báyìí báyìí, ó sì sọ fún èmi pé kí n gbé báàgì mi.

Òjò ń rọ̀. Wáípà ọkọ̀ Dókítà, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ tèmi kọ́. Mi ò rí ọ̀nà títí a fi débẹ̀. Mo ń retí kí ẹ̀rù bà mí. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn, ìyẹn nìkan ni mo rí.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí díẹ̀. Alàájì jókòó lórí àpótí, agbọ̀n gbàǹja wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń ṣà á: èyí tó dáa sọ́tùn-ún, èyí tó bàjẹ́ sósì. Ọ̀rá dúdú kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ta á ní kókó. Dókítà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí pé aláìsàn tèmi ni.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mi ò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti béèrè.

"Alàájì, ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

Òjò ń lu páànù. Wọ́n mú obì kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n jù ú sọ́tùn-ún. Wọ́n mú òmíràn. Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde, wọ́n máa fi orí mi bú mi bí ìyá Ògèrè. Wọ́n gbé ojú sókè.

"Kí ló dé tó jẹ́ òní lí wẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí?"

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn fẹ́ re ulé. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe agbọ̀n tó wà níwájú wọn.

"Mo lí kí n ṣa eléyìí tán."

Ó ku bí ẹyọ ogójì nínú rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀rá yẹn. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í sọ́dọ̀ mi. Mo nà án sí Dókítà lẹ́yìn láìyíjú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń sọ̀rọ̀, wọ́n sọ ju ti gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Pé ilé dákẹ́ jù. Pé láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, Ìyá Hussainat kì í panu mọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn a máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, ó wá dákẹ́. Pé àwọn ò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú, ìdí nìyẹn táwọn fi to gbogbo nǹkan kalẹ̀ kó tó di ọdún, kí ẹran má ṣòfò.

Hussainat dé, ó ti rin gbindingbindin. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú. A mú wọn lọ sí wọ́ọ̀dù kí aago méjì tó lù.

Mo padà sílé. Mo jẹun. Mi ò mọ ohun tí mo jẹ.

Ìṣẹ́gun, 3

Dókítà ọpọlọ ti rí wọn, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Nọ́ọ̀sì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tọ̀sán tòru. Hussainat ti kó gbogbo oògùn kòkòrò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kúrò ní ilé, kúrò ní ilé aládùúgbò pàápàá. Akínkúnmi bi mí pé ṣé mo wà dáadáa. Mo ní mo wà.

Ẹtì, 6

Iléyá. Èmi náà ti mọ̀ ọ́n pè báyìí.

Wọ́n pa àgbò lórúkọ Alàájì ní ilé wọn. Hussainat gbé ẹran wá sí wọ́ọ̀dù nínú kúlà, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọn ò gbààwẹ̀ rí láyé wọn ló kọ́kọ́ pagbo yí i ká. Alàájì jẹ ekìrí méjì. Hussainat kà á sókè, ọ̀kan, èjì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kà fún ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, Alàájì sì ní kó dákẹ́, ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Wọ́n fi ẹran lọ̀ mí. Mo ní òfin. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Ọjọ́rú, 11

Dókítà ní kí n tún ìwé Alàájì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú àṣìṣe mi nínú rẹ̀. Kò ní fọwọ́ sí òmíràn. Mo rò pé ìyẹn ló pè mí fún. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ìwé ìbéèrè tí èmi fúnra mi dáhùn ní ọjọ́ kìíní jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Òdo mẹ́sàn-án.

Ó ní òun mọ ìgbà tí ìyá mi kú. Yunifásítì kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi rán mi wá. Láti ọjọ́ kìíní lòun ti ń retí kí n sọ ọ́. Ó ní ẹni tí kò gbọ́ ti ara rẹ̀, ulé àti Iléyá á máa jọra létí rẹ̀ títí ayé.

Ó fún mi ní ìwé mìíràn, ó jáde. Mo jókòó tì í fún wákàtí kan. Oorun: ẹẹ́ta. Oúnjẹ: ẹẹ́ta. Ìgbádùn nǹkan: ẹẹ́ta. Ìkẹsàn-án: òdo, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́, mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Nígbà tó padà dé, ó kà á, ó béèrè ìkẹsàn-án lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, láìfi "sáà" kankan sí i. Mo dá a lóhùn. Ó bá mi pe obìnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa yìí ní Ìpẹ̀rú, tí màá máa lọ rí ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àìkú, 15

Mo fa báàgì Mọ́mì jáde, mo ṣí i. Sálúbàtà, ìró méjì, búrọ́ọ̀ṣì, gíláàsì ìkàwé. Mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí wọlé, ó rí wọn, ó bú sẹ́kún, mo sì dì í mú títí ó fi dákẹ́. Ojú mi gbẹ.

Ẹtì, 20

Alàájì ti padà sílé láti Ìṣẹ́gun. Hussainat ti kó wá sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ilé ò dákẹ́ mọ́, ó ní àwọn aládùúgbò ti ń ṣàròyé.

Ajé, 23

Dókítà fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Nínú ti Alàájì, ó fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo kọ ọ́ sí pé "Ulé mà ti yá," kò kọ nǹkan kan sí i.

Ìṣẹ́gun, 24

Ọjọ́ ìkẹyìn tí èmi àti Alàájì máa jókòó; Dókítà ló máa gba wọn lọ́wọ́ mi. Oògùn ń gbẹ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ń ráhùn, wọ́n ń lọ sí Sábó ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Mo béèrè ìbéèrè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ìkẹsàn-án, mo béèrè rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé. Wọ́n ní ó ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sọ fún Hussainat tó bá ti wá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Wọ́n dìde, wọ́n súre fún mi. Bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà, wọ́n bi mí pé ìyá mi ńkọ́.

"Wọ́n wà" ti dé orí ahọ́n mi.

"Wọ́n ti kú, sà."

Wọ́n dúró. Wọ́n béèrè pé láti ìgbà wo. Mo ní láti oṣù Kejì. Mo rí i tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lójú, títí wọ́n fi dé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Wọ́n bọ́ bàtà padà, wọ́n jókòó.

"Kí lí wọ́n sọ kẹ́yìn?"

Mo ní wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ re ulé. Mo ní mo sọ fún wọn pé ó di ọjọ́ Ẹtì.

Wọn ò ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Wọn ò ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú gbàǹja kan jáde, wọ́n tẹ̀ ẹ́ yíká, wọ́n fi èékánná là á sí méjì. Wọ́n wo inú rẹ̀ dáadáa lábẹ́ iná.

"Kò lí kòkòrò," wọ́n wí, wọ́n sì na ìdajì rẹ̀ sí mi.

Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́ níwájú wọn, wọ́n jẹ tiwọn títí ó fi tán. Màá sọ fún Dókítà lọ́la pé mo gba nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn, kó ṣe mí bó bá ti fẹ́. Láti oṣù Kejì, òun ni ohun kan ṣoṣo tí mo fi sẹ́nu tí mo mọ bó ṣe rí.

Ó korò, Mọ́mì. Ó korò gan-an.